Lámbì Tí Velda Fọn

"Ṣé ẹ ò ní kí èèyàn ni?"

Mo ti jókòó sídìí ọkọ̀, kọ́kọ́rọ́ ti wà lójú ihò rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ṣíná. Àwọn àlejò tó sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá tó gúnlẹ̀ sí èbúté Roseau láàárọ̀ ọjọ́ náà ti kún inú bọ́ọ̀sì mi, ẹyọ ẹnì kan nínú wọn ò sì la ẹnu. Wọ́n kàn ń wọlé, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń ṣí fèrèsé bí ẹni pé bàbá wọn ló ra ọkọ̀ náà.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ẹni tó bá wọkọ̀ tí kò kí ará ọkọ̀, àbíìkọ́ ni. Lóòótọ́, Sùúrù lorúkọ bọ́ọ̀sì mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà síwájú rẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ nìyẹn o, kì í ṣe orúkọ awakọ̀.

"Àǹtí Ermina, ẹ jọ̀ọ́," Velda sọ sí mi létí. "Ẹ má bá tèmi jẹ́ lónìí. Ẹ fi wọ́n lé mi lọ́wọ́."

Velda ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó dìde, ó kọjú sí àwọn àlejò, ó sì da ẹ̀rín bojú. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ní erékùṣù yìí, ọkọ̀ kì í gbéra bí kò bá gbọ́ 'ẹ káàárọ̀'. Epo rẹ̀ nìyẹn. Ó yá, ẹ jẹ́ ká rọ epo fún un!"

"Ẹ káàárọ̀ o!" Gbogbo wọn fi ẹ̀rín pariwo rẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù ni ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan tó dé fìlà pupa, Ọ̀gbẹ́ni Pruett, tòun ti ìyàwó rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ṣíná. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní í purọ́.

Ọjọ́ ìdánwò Velda ni. Ẹgbẹ́ àwọn amọ̀nà kì í déédéé fún ọmọ ní báàjì tí yóò fi máa mú àlejò kiri. Wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní ọjọ́ kan péré kó mú àlejò jáde, kó fi ilẹ̀ wa hàn wọ́n, kó sì dá wọn padà sẹ́nu ọkọ̀ ojú omi. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Thibou, olórí ẹgbẹ́, á bi àwọn àlejò bóyá inú wọn dùn. Òfin kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò lè tẹ̀ lójú: amọ̀nà kì í fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ sọ́nà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, báàjì di ọdún mìíràn.

Velda ò sì ní ọdún mìíràn lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìjì ńlá ti ká òrùlé wa lọ ni ìyá rẹ̀ ti kọjá sí Guadeloupe, erékùṣù kejì sí tiwa, tó ń fọ aṣọ, tó ń fọ abọ́ nílé onílé. Ìyá náà ti ránṣẹ́: bí Velda ò bá ríṣẹ́ tí yóò fi gbọ́ bùkátà iléèwé ara rẹ̀ kí ọlidé tó dé, kó pa ìwé tì, kó wá bá òun.

"Àǹtí," ló sọ fún mi lálẹ́ tó ṣáájú, "màmá mi ń fọ abọ́ onílé. Tí èmi náà bá lọ ń fọ̀ ọ́, ta ló máa wá jókòó kàwé nínú ìdílé wa? Mo máa gba báàjì yẹn. Ẹ ṣáà máa wò mí."

Bó ṣe rí nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ tó ń sunkún kiri. Bó bá ti fẹnu lé nǹkan, eyín rẹ̀ á wọ̀ ọ́.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣe é débi tí inú èmi gan-an ń dùn. Ó mú wọn dé ọgbà ìjọba, níbi tí igi ràgàjì kan ti wó lu bọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ láyé àwọn bàbá wa. Ó mú wọn lọ síbi omi gbígbóná tó ń hó nínú ilẹ̀, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń dimú, ó ní, "Ẹ má bínú, ilẹ̀ wa ò tíì fọnu láàárọ̀ yìí." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú Ọ̀gbẹ́ni Pruett. Lẹ́bàá ọ̀nà, a jẹ gbẹ̀rẹ̀fúùtù sísun àti ẹja oníyọ̀, a mu omi àgbọn.

"Ọmọ yìí dáa o," Ìyáàfin Pruett sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n Ọ̀fun yẹn gan-an ni mo ń retí. Nígbà tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, àwòrán rẹ̀ lọkọ mi lẹ̀ mọ́ ògiri níwájú mi. Ó ní bí mo bá lè dìde, ibẹ̀ la máa ti lúwẹ̀ẹ́."

Ọ̀fun ni a ń pe ibi tí odò gbà wọ inú òkè. Àpáta méjì dojú kọra, omi ń gba àárín wọn, àyè tó wà níbẹ̀ kò sì ju ìbú bọ́ọ̀sì mi lọ. Èèyàn á lúwẹ̀ẹ́ wọlé, á gbójú sókè, á rí ọ̀run tó tín-ín-rín bí okùn. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀ ni omi ti ń já wálẹ̀ láti òkè. Ó dára dé góńgó. Ṣùgbọ́n ibi téèyàn gbà wọlé náà ló máa gbà jáde. Kò sí ọ̀nà mìíràn.

Nítorí náà ni lámbì ṣe wà níbẹ̀. Ìkarahun ìgbín òkun ńlá ni, tí wọ́n gé ṣóńṣó orí rẹ̀, tí wọ́n ń fọn bí fèrè. Orí ìṣó lára ahéré tó wà lẹ́nu Ọ̀fun ló máa ń wà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí àmì pé odò fẹ́ kún gbọ́dọ̀ fọn ọ́n. Bó bá sì ti dún, tọmọdé tàgbà á jáde, kò sí ẹni tí yóò tún wọlé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Òfin àwọn baba wa ni.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fẹ́ fọn ọ́n mọ́, nítorí Bàbá Theophile. Ìdí ahéré yẹn náà ni bàbá ọ̀hún máa ń jókòó sí, tó ń gbẹ́ igbá. Nígbà kan tí Velda ò tíì dáyé, ó rí ewé tó ń ṣàn bọ̀, ó fọn lámbì, gbogbo àlejò sá jáde, omi ò sì kún. Láti ọjọ́ náà ló ti di Bàbá Fọnlásán. Àwọn ọmọ ọwọ́ tí wọn ò tíì mọ orúkọ baba tiwọn ti mọ Fọnlásán. Ẹnu ń dun èèyàn ju kóńdó lọ, àgàgà ní erékùṣù kékeré tí gbogbo wa ti mọra.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Kerwin àtàwọn àlejò tirẹ̀ ti wà nínú Ọ̀fun. A ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ọmọ abúlé òkè ibẹ̀ ni Kerwin, ọ̀dọ́kùnrin tó gba báàjì lọ́dún tó kọjá, tó sì ń gbé e káyà bí ọ̀gágun. Àwọn tèmi ń wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó, Ọ̀gbẹ́ni Pruett ti ki ẹsẹ̀ bọmi. Velda bẹ̀rẹ̀ kó bomi sójú. Ibẹ̀ ló ti dúró gbagidi.

Ó mú ewé kan látinú omi, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Òmíràn tún ń bọ̀. Ó mú un.

"Àǹtí, ẹ wo èyí."

"Ewé náà kọ́? Kí ló ṣe é?"

"Kaklen ni. Ẹ wo ìdí rẹ̀, oje rẹ̀ ṣì ń ro. Ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni."

Igi kaklen kì í hù nítòsí wa. Góńgó orí òkè, níbi tí kùrukùru ń sùn sí, ló ń gbé, ewé rẹ̀ nípọn bí awọ, atẹ́gùn lásán ò lè já a. Ìyá mi, tí í ṣe ìyá àgbà Velda, máa ń sọ ọ́ fún wa tó bá ń fọṣọ létí odò: "Bí kaklen bá sọ̀kalẹ̀ wá wẹ̀, ìwọ gòkè lọ yá oòrùn." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òjò tó ń pa orí òkè lọ́hùn-ún, kì í ṣe òjò ṣeréṣeré.

Mo gbójú sókè. Ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn ń ta yẹ́ẹ́.

"Velda, ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Kò dá mi lójú, Àǹtí."

"Tó o bá fọn ọ́n, tómi ò wá ńkọ́? Báàjì ti lọ nìyẹn o. Orúkọ ẹ náà ti lọ."

Ó wo àwọn àlejò wa. Ó wo ẹnu Ọ̀fun, níbi tí ẹ̀rín ti ń jáde.

"Àwọn èèyàn wà nínú ibẹ̀," ló wí. Ó bọ́ sídìí ahéré, ó já lámbì kúrò lórí ìṣó, ó fọn ọ́n.

Ẹ ò tíì gbọ́ irú ariwo yẹn rí. Ó dún wọnú Ọ̀fun, àpáta sì ń dá a padà. Ó fọn, ó tún fọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú. Àwọn èèyàn Kerwin bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ̀n, ọmọdé kan ń ké. Kerwin ló jáde kẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n kuku.

"Ta ló fọn ọ́n? Ta ló fọn nǹkan yẹn?"

"Èmi ni." Velda na ewé sí i.

Kerwin gba ewé, ó wò ó, ó wo ọ̀run, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Ewé! Tìtorí ewé méjì! Ẹ gbà mí o, Fọnlásán ti bímọ! Bàbá, ẹ wá wo ọmọ yín o!"

Bàbá Theophile ò gbórí sókè nídìí igbá tó ń gbẹ́.

Ohun tó wá burú jù ni pé omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ojú wa báyìí ló ṣe ń lọ sílẹ̀, àwọn òkúta tí kì í yọrí sì ń yọrí. Omi náà tún wá mọ́ lóló. Ọ̀gbẹ́ni Pruett nàka sí i. "Ọmọdébìnrin, èmi kì í ṣe ará ibí, ṣùgbọ́n odò tó fẹ́ kún kì í fà sẹ́yìn. Jẹ́ ká wọlé."

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, a ò lè wọlé lónìí. Lámbì ti dún."

"Ìwọ lo fọn ọ́n! Ìwọ náà sọ pé kò dá ọ lójú!"

Ibẹ̀ ni Bàbá Theophile ti gbé igbá sílẹ̀. Ó rọra dìde, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé etí omi, ó wò ó títí.

"Àgbò tó tàdí mẹ́yìn, agbára ló lọ mú wá," ló sọ. "Ilẹ̀ orí òkè ò dì mọ́ra mọ́ láti ìgbà ìjì. Ó ti ya lulẹ̀ níbì kan, ó dí ojú odò. Omi ń kóra jọ lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá já..."

"Bàbá Fọnlásán ti sọ̀rọ̀!" Kerwin ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n òun náà ò wọlé, nítorí òfin lámbì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ àwọn àlejò rẹ̀, ó ń tọ́ka sí Velda pé òun ló ba ọjọ́ wọn jẹ́.

Velda lọ bá Ìyáàfin Pruett, tó ti jókòó sórí òkúta tó ń bọ́ ẹ̀wù ìléfòó. "Màmá, mo mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ dárí jì mí. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ padà délé ni."

Obìnrin náà fọwọ́ kàn án lẹ́jìká. Ọkọ rẹ̀ ló fèsì: "Mo máa fẹjọ́ rẹ sùn, kó o mọ̀."

Ká wọkọ̀ ká máa lọ ló kù. Àwọn àlejò ti ń wọlé, èmi náà ti gbá ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, Velda ò sì wá. Ó dúró sẹ́nu Ọ̀fun pẹ̀lú lámbì lọ́wọ́.

"Kí lò ń wò? Wọlé jàre!"

"Àǹtí, iléèwé máa tó jáde. Àwọn ọmọ òkè máa wá wẹ̀."

Òótọ́ ni. Lójoojúmọ́ tí àlejò bá ti lọ, àwọn ọmọ abúlé á dà wọnú Ọ̀fun tìlù-tìfọn. Iléèwé wọn wà lódì kejì òkè, wọn ò lè gbọ́ lámbì níbẹ̀.

"Bàbá wà níbí," mo ní.

"Wọ́n máa gbọ́ ti Bàbá? Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ọ̀pá ló fi ń rìn, Àǹtí, wọ́n á gbẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá."

"Velda, gbọ́ mi. Àlejò kún inú ọkọ̀ yìí. Tó o bá fi wọ́n sílẹ̀, kò sí ẹjọ́ tí a lè rò mọ́ lọ́dọ̀ Thibou. Ti ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn ṣì ṣe é bẹ̀. Ti ẹni tó fi àlejò sílẹ̀ ò ṣe é bẹ̀. O ò rí Guadeloupe lọ́ọ̀ọ́kán ni?"

"Mo rí i." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò yẹ̀. "Ẹ bá mi mú wọn délé, Àǹtí. Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Mi ò lọ."

Inú bí mi. Mi ò ní í tan yín, inú bí mi bí ẹni tí ata ta sí lójú. Mo fẹ́ fà á wọkọ̀. Bàbá Theophile ló fọwọ́ dá mi dúró, ó sì yíjú sí Velda, ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń rọ omi nígbà yẹn.

"Kí ló ń pa ẹ́ lẹ́kún, ọmọ mi? Orúkọ tí wọ́n máa sọ ẹ́? Wọ́n ti ń sọ mí láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú. Ṣé kí n bi ẹ́ ní nǹkan kan? Ọjọ́ tí mo fọn ọ́n, tómi ò wá, ta ló kú?"

Velda wò ó. "Kò sẹ́nì kankan, Bàbá."

"Kò sẹ́nì kankan. Gbogbo wọn ló lọ jẹun alẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín mi lórí oúnjẹ, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́."

Mo wọkọ̀, mo ṣíná, mo lọ.

Nígbà tí a dé èbúté, Ọ̀gbẹ́ni Thibou ti dúró pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Pruett sọ tẹnu rẹ̀: ọmọ náà ò jẹ́ kí àwọn wẹ̀, ó sì tún fi àwọn sílẹ̀. Thibou mi orí.

"Ermina, ṣé lóòótọ́ ló fi wọ́n sílẹ̀?"

"Ó ń ṣọ́ Ọ̀fun nítorí àwọn ọmọ iléèwé."

"Ermina, òfin ni òfin. Ó dùn mí."

"Fi òfin ẹ nu ẹnu," mo ní, mo yí ọkọ̀ padà. Kerwin, tó ti já àwọn tirẹ̀ sílẹ̀, sáré wá dì mọ́ ilẹ̀kùn pé òun ń lọ sílé lókè. Mo gbà á. Ó ń fi Velda ṣẹ̀sín bọ̀ títí a fi dé orí afárá tó wà nísàlẹ̀ Ọ̀fun. Ibẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ti pa.

Kò sí omi lábẹ́ afárá. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí i kí odò yẹn gbẹ rí. Àwọn ẹja ń ta pọ́ún pọ́ún lórí òkúta.

"Àǹtí Ermina," Kerwin ní, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Àwọn àbúrò mi ti máa jáde níléèwé."

Mo tẹ iná mọ́ ọn. Sùúrù ò sá bẹ́ẹ̀ rí.

A gbọ́ ariwo kí a tó rí wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló wà lẹ́nu Ọ̀fun, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù iléèwé, wọ́n ti lọ́ ọ mọ́rí. Velda dúró láàárín ọ̀nà, ó na apá méjèèjì dí i. Ẹrẹ̀ kún aṣọ funfun tó wọ̀ fún ìdánwò rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ti ń jù ú lẹ́rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lójú rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú, kò nu ún, nítorí tó bá sọ apá kalẹ̀, wọ́n á gba ibẹ̀ wọlé. Bàbá Theophile dúró tì í, ó fi ọ̀pá dábùú ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ìyá Fọnlásán! Bàbá Fọnlásán! Ẹ yà lọ́nà!" ni wọ́n ń kọ lórin. Àbúrò Kerwin méjèèjì, ọkùnrin àti obìnrin, wà níwájú pátápátá.

"Ẹ bú mi dọ̀la," Velda ń pariwo, ohùn rẹ̀ ti há. "Ẹ ò ní wọlé! Ẹ jù mí lókùúta, ẹ ò ní wọlé!"

Kerwin fò bọ́ sílẹ̀ kí n tó dúró tán. "Ẹ gòkè! Ẹ gòkè kíá!" Ó gbá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin mú, ó gbé obìnrin kọ́ èjìká. Àwọn ọmọ wò ó, ẹ̀rù bà wọ́n, nítorí wọn ò rí Kerwin nírú ojú bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n yà. Velda gbá Bàbá lápá kan, èmi gbá a lápá kejì, gbogbo wa forí lé ọ̀nà òkè.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn náà la gbọ́ ọ, bí ọkọ̀ akẹ́rù tí bíréèkì rẹ̀ já tó ń bọ̀ látorí òkè, tí kò sì tán nílẹ̀. Omi tú jáde lẹ́nu Ọ̀fun, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ó ga ju ahéré lọ, igi tòun ti gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, àpáta ń kọlu àpáta. Ahéré lọ. Àtẹ̀gùn tí a ń gbà sọ̀kalẹ̀ sétí omi náà lọ. Ibi tí Velda dúró sí, a ò rí i mọ́.

Àbúrò Kerwin obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó lọ bá Velda, ó sì fi etí ẹ̀wù iléèwé rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Èmi náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ń sunkún. Kí n wá pa á mọ́ ni?

Kerwin bọ́ báàjì ọrùn rẹ̀, ó nà án sí Velda.

"Fi í sọ́rùn ẹ," Velda ní. "Tìẹ ni. O mú àlejò tìẹ délé. Èmi fi tèmi sílẹ̀."

"Velda..."

"Mo mọ ohun tí mo fi sílẹ̀, mo sì mọ ìdí ẹ̀. Bọ̀ ọ́ sọ́rùn jàre, o ń bà mí lẹ́rù."

Ẹ̀rín pa wá, àtàwa tó ń sunkún.

Àwọn àlejò yẹn ò mọ̀. Nígbà tí omi ń tú, wọ́n ti wà lójú òkun, Ọ̀gbẹ́ni Pruett ṣì ń bínú bóyá. Ẹ̀sùn rẹ̀ wà nílẹ̀, òfin sì wà nílẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ jókòó, Velda ò gba báàjì lọ́dún náà, òun fúnra rẹ̀ ò sì bẹ̀bẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n Kerwin dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní òun ò tún ní mú àlejò kankan wọ Ọ̀fun láé bí kò bá sí ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn yòókù ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Wọ́n fẹnu kò pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú omi bá dé, olùṣọ́ odò á wà níbẹ̀, gbogbo amọ̀nà á sì máa dá owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi lọ Velda.

"Tó bá jẹ́ èmi àti Bàbá Theophile ni," ló wí. "Mi ò dá a ṣe."

Wọ́n gbà. Omi téèyàn máa mu ò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Velda ò lọ sí Guadeloupe. Ọjọ́ tí kò bá sí ọkọ̀ ojú omi, ó wà níléèwé. Ọjọ́ tí ó bá wà, ó wà lẹ́nu Ọ̀fun, ìwé lórí itan, lámbì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú lára omi. Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Nígbà tí ọlidé kù díẹ̀ kó dé, lọ́jọ́ kan tí èrò pọ̀ ní Ọ̀fun, Velda tún rí kaklen, ó tún fọn lámbì. Gbogbo èèyàn jáde. A jókòó sókè, a ń wo odò. Odò ò kún. Odò ò fà. Ó kàn ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ títí oòrùn fi wọ̀. Mo ń wo ojú Velda, mò ń retí ẹni tó máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kerwin ló dìde. Ó gbọn ilẹ̀ nù ní ìdí ṣòkòtò rẹ̀, ó yíjú sí gbogbo wa, àlejò àti onílé.

"Ta ló kú?" ló bèèrè.

"Kò sẹ́nì kankan!" làwọn ọmọ òkè dáhùn. Àwọn náà ló tún ṣíwájú nígbà tí gbogbo wa ń lọ sílé, wọ́n di Bàbá Theophile lọ́wọ́ mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ń pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ máa rí ewé tiyín lójú omi, tí ọ̀run máa mọ́ kedere, tí gbogbo ẹgbẹ́ yín á ní kò sí nǹkan kan. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dá yín lójú tán, ẹ má sì torí ẹ̀rín èèyàn pa ẹnu mọ́. Ẹ fọn ọ́n. Bí omi bá wá, ẹ ti gba ẹ̀mí là. Bí kò bá wá, gbogbo wa á lọ jẹun alẹ́.